Omi fún Àwọn Aláǹtakùn Ọmọ Mi

Àbámẹ́ta, 5 oṣù kẹrin 2025

Islamiyyat ti lọ sí Ìbàdàn láàárọ̀ yìí. Oṣù mẹ́ta gbáko ló máa fi kọ́ṣẹ́ ní yàrá ìṣàyẹ̀wò kan níbẹ̀ kó tó padà wá parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní yunifásítì. Kó tó wọ ọkọ̀ ló gbé àpótí onígíláàsì méjèèjì jáde. Mo rò pé ìyá rẹ̀ ló máa gbé wọn fún. Èmi ló gbé wọn fún. Ó ní, “Baba, ẹ̀yin ni mo fà wọ́n lé lọ́wọ́.” Mo wò ó lójú bóyá ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Kò rẹ́rìn-ín rárá.

Aláǹtakùn ló wà nínú àpótí o! Kì í ṣe èyí tó ń ta okùn sí kọ̀rọ̀ ilé. Èyí nírun lára bí ọmọ ajá, ó sì fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ mi. Ẹ̀gbọ́n ń jẹ́ Sarauniya, àbúrò ń jẹ́ Amarya. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ wá ń fi Hausa sọ kòkòrò lórúkọ. Ẹjọ́ tèmi náà ni, èmi ni mo bí i sí Maiduguri.

Ọdún kejì rèé tí mo fi bàtà pa ẹ̀kẹta wọn, Gimbiya. Mo bá a lórí ẹní ìkírun mi, kí n tó ronú, bàtà ti balẹ̀. Islamiyyat kò bá mi jà. Ó kó ẹrù rẹ̀ lọ sí ibùgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Odidi oṣù mẹ́rin, bí mo bá pè é lórí fóònù, “Baba, ina kwana”, ẹ kú àárọ̀ lásán ni, ó parí. Àwọn èèyàn ní kí n bẹ̀ ẹ́. Mo ní kí ni mo pa? Ṣé èèyàn ni? Bàbá ló máa ń bẹ ọmọ ni? Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe kú sílẹ̀ nìyẹn. Ó padà wálé, a ò sì dárúkọ Gimbiya mọ́.

Bí ọ̀kan nínú méjì yìí bá wá kú sí mi lọ́wọ́, ta ló máa gbà pé kì í ṣe bàtà?

Ó lẹ páálí kan mọ́ àpótí. Ìrẹ̀ kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ má gbé wọn sóòrùn. Ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n. Kí omi má tán nínú àwo wọn, omi tó mọ́ nìkan. Ó fàlà sábẹ́ “tó mọ́” lẹ́ẹ̀mejì. Ní ti èyí, ọkàn mi balẹ̀. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń ta táǹkì àti páìpù àti ẹnu ẹ̀rọ nílùú yìí. Bó bá jẹ́ ti omi ni, kí wọ́n wá bi mí.

Ajé, 7

Ooru yìí ò ṣe é fẹnu sọ. Mo gbé àpótí méjèèjì sí kọ̀rọ̀ pálọ̀ tí oòrùn kì í dé. Àsíátù ìyàwó mi ní òun ò ní wọ pálọ̀ mọ́ títí ọmọ òun á fi dé. Mo ní, “Ṣé wọ́n máa bù ọ́ jẹ ni?” Ó ní, “Bàbá Islam, ẹ̀yin tí ẹ fi bàtà pa ọ̀kan, ṣé ẹ ò bẹ̀rù wọn náà ni?” Obìnrin yìí lẹ́nu.

Ọjọ́bọ̀, 10

Omi bọ́hóòlù wa ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Èmi ni mo dúró ti àwọn tó gbẹ́ ẹ, èmi ni mo ri páìpù rẹ̀, kò sí irú rẹ̀ ní gbogbo Moduganari, àdúgbò wa. Lónìí mo yọ àwo Amarya láti pààrọ̀ omi, mo rí i pé nǹkan funfun kan ti yí etí àwo ká bí ẹfun. Irú èyí tó máa ń lẹ̀ mọ́ ìdí kẹ́túlù wa náà ni. Amarya kò sún mọ́ ọn láti àná.

Mo pe Islamiyyat.

“Baba, iyọ̀ inú ilẹ̀ ni. Èèyàn lè mu ún, ṣùgbọ́n àwọn aláǹtakùn ò lágbára ẹ̀. Don Allah, ẹ má fún wọn mọ́.”

Bọ́hóòlù mi! Àwọn ará àdúgbò ń gbé kẹ́ẹ̀gì wá tò síbẹ̀ láti ìdájí, aláǹtakùn ló wá ń kọ̀ ọ́. Wọ́n ní omi kì í lọ́tàá. Ẹni tó pa á lówe kò tíì sin aláǹtakùn.

Àbámẹ́ta, 12

Mo gbọ́n omi ẹ̀rọ tó yọ láàárọ̀. Mo gbé e sí imú, oògùn ń ta jáde. Láti ìgbà omíyalé ọdún tó kọjá ni gbogbo ìlú ti ń da oògùn sómi, ẹ̀rù kọ́lẹ́rà kò tíì kúrò lára ẹnikẹ́ni. N kò bá wọn jà sí i, ṣùgbọ́n n kò lè gbé e fún ẹranko tó kéré báyẹn. Mo ra píọ́ wọ́tà lẹ́nu ọ̀nà, ó ti gbóná lóòrùn, ọ̀rá nìkan ló ń dùn lẹ́nu.

Mùtàlíbù tó ń ta ọ̀dà ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ mi ní òun ti rí i. “Ẹ̀gbọ́n, omi tó ń kán nídìí ẹ̀rọ amúlétutù ńkọ́? Ẹ wò ó bó ṣe mọ́ gaara!” Mo gbàgbọ́ pé Ọlọ́run ló rán an. Mo tún pe Ìbàdàn.

“A’a, Baba! Ara irin àti eruku ló ń gbà kọjá. Kar ku sake! Ẹ má dán an wò o!”

Mùtàlíbù rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ó ní, “Ẹ kúkú ra ife tíì fún wọn, kẹ́ ẹ fi ṣúgà sí i.” Mo lé e kúrò ní ṣọ́ọ̀bù mi. Omi mẹ́rin, kò sí ìkankan tó dára. Èmi oníṣòwò omi!

Àìkú, 13

Mo ti rí i. Ojú mi ló fọ́ látijọ́.

Àmù Àsíátù wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbẹ̀. Omi ẹ̀rọ ló ń dà sí i, ṣùgbọ́n ó máa ń ṣí omi náà sílẹ̀ nínú bàsíà fún ọjọ́ méjì kí oògùn inú rẹ̀ lè lọ, á wá fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ. Àmù fúnra rẹ̀, ó ń tọ́jú ẹ̀ bí ọmọ. Jímọ̀ọ̀-Jímọ̀ọ̀ ló ń fọ̀ ọ́, á fi èéfín fín in, kó tó pọn omi tuntun sí i, bí àwọn ìyá Barebari, àwọn onílẹ̀ ibí, ṣe kọ́ ọ nígbà tó ṣì jẹ́ ìyàwó tuntun. Kò sẹ́ni tó ń bù níbẹ̀ àfi àlejò àti èmi baálé ilé. Omi náà tutù, ó dùn. Omi tí a fi ń ṣàpọ́nlé àlejò, kí ló tún mọ́ jù ú lọ?

Mo sọ fún Islamiyyat pé omi tí mo ń fún wọn, ọjọ́ méjì ni mo fi ṣí i sílẹ̀. Ó ní, “Yauwa, Baba! Ó dáa gan-an. Ẹ ṣeun.” Ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ irú ọ̀yàyà bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọmọ yẹn. N kò dárúkọ àmù fún un, kò sì bi mí.

Ọjọ́bọ̀, 24

Àlùhámúdùlílàhì! Amarya mu omi níṣojú mi. Ó dojú dé àwo, ó pẹ́ kó tó gbéra. Mo pariwo pe Àsíátù. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀, ó nàgà.

“Ṣé omi àmù mi ló ń mu yẹn?”

“Òun náà ni.”

Ojú rẹ̀ tàn. Ó wọlé, ó kù díẹ̀ kó dé ìdí àpótí, ó tẹ̀ríba, ó ní, “Sannunku da zuwa.” Ó ń kí aláǹtakùn káàbọ̀! Mo rẹ́rìn-ín, ó ní kí n yé rẹ́rìn-ín, pé ọmọ òun ò sí nílé, àlejò ọmọ òun ni wọ́n.

Kò síná fún ọjọ́ mẹ́ta báyìí. Mo ń fi aṣọ tútù bo orí àpótí lọ́sàn-án.

Ìṣẹ́gun, 29

Amarya kò mú ìrẹ̀ rẹ̀. Ìrẹ̀ náà ń gun orí rẹ̀ kiri, kò mira. Mo yọ ọ́.

Ọjọ́rú, 7 oṣù karùn-ún

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Amarya dìde láàárọ̀ yìí, ó fẹ́ rìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́ bí ẹni tó mutí. Ó forí gbá gíláàsì, ó padà, ó tún forí gbá a.

Bí mo ṣe ń wò ó lọ́wọ́ ni fóònù dún. Islamiyyat. Ó bi mí, “Baba, báwo ni wọ́n?”

Kí n kọ òtítọ́ síbí yìí, torí n kò sọ ọ́ lẹ́nu. Mo ní Sarauniya dára. Mo ní Amarya kò kàn fẹ́ jẹun ni. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbígbọ̀n ẹsẹ̀, n kò sọ ọ́. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé ó máa ní mo fọwọ́ gbá a, tàbí mo gbé e ṣubú, tàbí bàtà.

Ó ní, “Ah, bóyá ó fẹ́ pa awọ dà ni. Wọn kì í jẹun nígbà yẹn. Ẹ fi í sílẹ̀, ẹ sáà máa fún un lómi dáadáa.”

Mo sì ń fún un lómi dáadáa.

Jímọ̀ọ̀, 9

Ẹsẹ̀ Amarya ti ń ká sábẹ́ ara rẹ̀. Mo pààrọ̀ omi rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lónìí. Àsíátù ń pọn omi tuntun sínú àmù, ó ń gbàdúrà sí i.

Àbámẹ́ta, 10

Amarya ti kú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́jọ ká sínú bí ọwọ́ tí a dì. Mo fi ìyẹ́ adìyẹ tì í díẹ̀, kò mira.

Mo sin ín sí ìdí igi dóńgóyárò. N kò mọ ìdí tó fi dùn mí tó báyìí. Mo ti ń bá a sọ̀rọ̀ láàárọ̀, èmi àgbàlagbà, mo ń bi í bóyá ó jí dáadáa.

Àsíátù ní, “Ẹ pe ọmọ yẹn.” Mo ní ó dọ̀la. Ó ní, “Bàbá Islam, bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a.” Mo ní n kò tíì pa irọ́ kankan. Ó wò mí, ó bá tiẹ̀ lọ.

Ìṣẹ́gun, 13

Islamiyyat ní kí n ya fọ́tò Amarya ránṣẹ́. Mo ní ó ń sùn sínú ihò. Mo ya Sarauniya, mo fi ránṣẹ́. Ó fi ọkàn pupa dá mi lóhùn. N kò lè jẹun alẹ́.

Ó dáa báyìí, mo ti parọ́, irọ́ gidi sì ni.

Ọjọ́bọ̀, 15

Ẹsẹ̀ Sarauniya ti bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n.

Mo ti ṣọ́ọ̀bù pa. Mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Old GRA, sí ilé Dókítà Ayọ̀olúwa, olùkọ́ tó kọ́ Islamiyyat nípa ẹranko. N kò dé ilé rẹ̀ rí, ẹnu ni mo fi wá a. Ó jáde wá, mo kí i, ó kí mi, ó ní kí n jókòó. Mo ní n kò wá jókòó. Mo ní, “Dókítà, ẹ gbà mí. Ọ̀kan ti kú, èkejì ń lọ, ọmọ mi kò sì mọ̀.” Ojú tì mí bí mo ṣe ń sọ ọ́. Ó ní iṣẹ́ ń dúró de òun ní yunifásítì, ṣùgbọ́n òun á wá lọ́la, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ọ̀.

Jímọ̀ọ̀, 16

Jẹ́ kí n kọ ọ́ tán pátápátá.

Dókítà dé ní bí aago mẹ́ta. Oòrùn ti pa á, aṣọ rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn lára. Àsíátù ti fọ àmù láàárọ̀, ó ti pọn omi tuntun. Ó bù ú sínú ife dígí, ó fi àwo tẹ́ ẹ, ó fọwọ́ méjèèjì gbé e fún un.

Dókítà mu ìdajì lẹ́ẹ̀kan náà. Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, “Ẹ ṣeun, Màmá. Mo ti gbàgbé bí omi ṣe máa ń dùn nílé àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe. Tùràrí yìí mà dáa o!” Ó tún gbé ife sẹ́nu. Kò mu ún. Ó sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó wo inú rẹ̀, ó wá wò mí.

“Alhaji, omi wo lẹ ń fún wọn?”

Mo ní, “Omi yìí náà ni. Èyí tó dára jù nínú ilé.”

Ó lọ sídìí àpótí, ó yọ àwo Sarauniya, ó gbé e sí imú, ó ní kí n gbóòórùn rẹ̀. Mo gbóòórùn rẹ̀. Mo ní n kò gbọ́ nǹkan kan, omi lásán ni. Ó ní kí n jáde sí ìta, kí n rìn dé ọ̀dọ̀ àwọn aláta, kí n mí dáadáa, kí n padà wá. Mo rò pé ó ń ṣeré ni. Mo lọ. Mo padà wọlé, mo gbé àwo sí imú.

Subuhánálàhi! Òórùn tùràrí gbá mi lójú. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń mu omi yẹn. Imú mi ti mọ́ ọn lára débi pé n kò mọ̀ pé omi ilé mi ní òórùn. Èmi tí mo ń gbóòórùn oògùn nínú omi ẹ̀rọ, tí mo ń gbóòórùn ọ̀rá nínú píọ́ wọ́tà!

Dókítà fẹ̀sọ̀ ṣàlàyé rẹ̀. Ó ní bí a bá dorí àmù kodò sórí èédú tùràrí, èéfín àti òróró rẹ̀ máa ń wọ ara amọ̀, amọ̀ á máa tú u sómi díẹ̀díẹ̀. Èèyàn á mu ún, á dùn mọ́ ọn. “Ṣùgbọ́n tùràrí kan náà la fi ń lé ẹ̀fọn, Alhaji. Ohun tó ń lé ẹ̀fọn jáde nílé, kí ló máa ṣe fún aláǹtakùn tó ń mu ún lójoojúmọ́?”

Àsíátù jókòó sílẹ̀ gbì. Ó káwọ́ lérí.

“Mo fi kún un ni,” ó ní. “Nígbà tí mo rí i pé wọ́n mu ún, mo bá fi kún un. Mo ṣí ike tùràrí tí mo tọ́jú de ìgbéyàwó Islam, èyí tó dára jù lọ. Jímọ̀ọ̀ mẹ́rin ni mo fi fín àmù fún wọn. Mo ní kí n ṣe wọ́n bí àlejò.” Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. “Mo fi ọwọ́ ara mi pa ohun tí ọmọ mi fẹ́ràn.”

Mo la ẹnu láti bú u. Ó ti dé orí ahọ́n mi. Mo wá rántí ẹni tó ń bu omi náà láràárọ̀, tí ń ṣe fáàrí pé òun mọ omi. Mo ní, “Ìyá Islam, dákẹ́. Kì í ṣe ìwọ.”

Dókítà bi mí ohun tí mo sọ fún Islamiyyat nígbà tí Amarya ń ṣàìsàn. Mo sọ fún un, mo ní kò jẹun ni mo sọ. Ó ní, “Ẹ ò sọ pé ẹsẹ̀ ń gbọ̀n?” Mo ní rárá. Ó mi orí. Ó ní, “Ká ní ó gbọ́ ìyẹn ni, ì bá ti bi yín léèrè omi lójú ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ tó ń gbọ̀n kì í ṣe ti awọ pípa dà.” Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ì bá sàn kó fi ìbínú sọ ọ́.

A kó gbogbo iyẹ̀pẹ̀ inú àpótí dànù. A fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, kò sí ọṣẹ. Àwo tuntun. Omi inú ike tí Dókítà gbé wá láti ilé, tí kò rí oòrùn rí, tí kò ní òórùn kankan. Ó ní a gbọ́dọ̀ gbé Sarauniya débi àwo kí ẹnu rẹ̀ kan omi, torí kò lè rìn dé ibẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo dúró kó gbé e.

Ó ní, “Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ gbé e, Alhaji. Èmi ń lọ sílé.”

Mo fi ṣíbí ọbẹ̀ onípátákó gbé e. Kò wúwo rárá. Mo rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹnu rẹ̀ kan omi, mo ní bisimilahi.

Àìkú, 18

Kò tíì kú. Mo ń gbé e débi omi láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, bí Dókítà ṣe wí. Mùtàlíbù ló ń bá mi tajà ní ṣọ́ọ̀bù. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lánàá, ó kàn bi mí pé, “Ẹ̀gbọ́n, ó ti jí?”

Ìṣẹ́gun, 20

Àsíátù kò fín nǹkan kan nínú ilé láti Jímọ̀ọ̀. Àlejò dé, ó fún wọn ní omi inú ike. Obìnrin kan láti ilé kejì bi í bóyá ara rẹ̀ kò yá. Mo sọ fún un pé kó máa fín àmù rẹ̀ lọ, pé àmù kò ṣẹ̀ ẹ́, àlejò kò ṣẹ̀ ẹ́. Ó ní ọwọ́ òun ò tíì lọ síbẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 22

Islamiyyat pe lẹ́ẹ̀mejì. N kò gbé e. Bí fóònù bá ti dún báyìí, mo máa ń dojú rẹ̀ bolẹ̀.

Ajé, 26

Òjò! Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ lórí Maiduguri lọ́sàn-án, eruku ló kọ́kọ́ dé, tí ó sọ ojú ọ̀run di pupa, lẹ́yìn náà ni omi. Àwọn ọmọ àdúgbò ń sáré kiri nínú rẹ̀. Mo wọlé láti ti fèrèsé, mo wo àpótí.

Sarauniya kò sí lẹ́bàá àwo tí mo gbé e sí. Ó ti rìn lọ sí igun kejì. Ó fi ẹsẹ̀ mẹ́jọ rìn, ó dúró gírí. Mo pe Àsíátù, ó sáré wá pẹ̀lú ìyẹ̀fun lọ́wọ́, àwa méjèèjì dúró, a ń wo aláǹtakùn bí ẹni ń wo ọmọ tó kọ́kọ́ rìn.

Ọjọ́bọ̀, 29

Ó mú ìrẹ̀. Ó fò mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Dókítà wá wò ó, ó ní ó ti bọ́. Ó sì ní ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu. Ó ní òun ti rò ó, bóyá kí òun gbé Sarauniya lọ sí ilé òun títí Islamiyyat á fi dé. Ó ní kì í ṣe pé òun ń dá mi lẹ́bi, ṣùgbọ́n òun ní àyè, òun sì mọ iṣẹ́ náà. Àìkú ni òun máa wá gbé e. Mo ní ó dáa. Kí ni mo fẹ́ sọ? Èyí tó kù nínú méjì, ìdajì oṣù ni mo fi dá a dúró sẹ́nu ikú. Kí n máa wá fi ọmọ ọlọ́mọ dán ara mi wò?

Ó dùn mí ṣá.

Àìkú, 1 oṣù kẹfà

Dókítà dé pẹ̀lú àpótí ike kan tó ti lu ihò sí lórí. Àsíátù jáde, ó bu omi fún un láti inú ike. Mo ní, “Dókítà, ẹ ṣe sùúrù. Ẹ kò lè gbé ẹrù olówó ẹrù láì jẹ́ kó mọ̀.” Mo pe Islamiyyat. Mo tẹ̀ ẹ́ kí gbogbo wa máa gbọ́ ọ, kí n má baà rí àyè sá.

Ó gbé e. “Baba! Ó ti pẹ́ tí mo ti ń pè yín. Kí ló ṣẹlẹ̀?”

Mo ní, “Amarya ti kú. Ọjọ́ kẹwàá oṣù tó kọjá ló kú. Omi ló pa á, omi inú àmù ìyá rẹ, tí a fi tùràrí fín. Èmi ni mo bù ú fún un. N kò mọ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n, n kò sì sọ fún ọ.”

Mo rò pé nẹ́tíwọ́kì ti lọ.

“Ẹ ní ó ń sùn.” Ohùn rẹ̀ ti yí padà.

“Mo parọ́.”

“Don me, Baba? Kí ló dé?”

Àsíátù ń wò mí, Dókítà ń wo ilẹ̀. Mo ní, “Ẹ̀rù bà mí pé o máa rò pé mo mọ̀ọ́mọ̀ pa á. Torí Gimbiya. Mo pa Gimbiya, n kò sì bẹ̀ ọ́. Wọ́n ní kí n bẹ̀ ọ́, mo ní bàbá kì í bẹ ọmọ. Islam, dákun, má bínú sí mi. Nítorí Gimbiya, nítorí Amarya, nítorí irọ́. Mo bẹ̀ ọ́.”

Ọmọ mi bú sẹ́kún. Ó ń sunkún, ó ń sọ̀rọ̀ Hausa tí n kò gbọ́ tán, ó ń pe “Baba, Baba.” Lẹ́yìn náà ni ó pa fóònù.

A jókòó. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, Dókítà dìde, ó ṣí àpótí ike rẹ̀, ó gbé e kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí onígíláàsì. Mo gbé ṣíbí onípátákó fún un. Mo kọjú sí ògiri, n kò fẹ́ rí i bó ṣe máa yọ ọ́.

Fóònù dún. Islamiyyat ni. Kò bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní, “Dókítà wà níbẹ̀?”

“Mo wà níbí, Islam.”

“Ẹ ṣeun, Dókítà. Ẹ ṣeun gan-an. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé e lọ. Ẹ fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá mi.”

Dókítà ní, “Ó dá ọ lójú?”

Ó ní, “Bàbá mi ti mọ omi rẹ̀ báyìí.”

Dókítà gbé àpótí rẹ̀ bó ṣe gbé e wá, lófìfo, ó ní ó dàbọ̀. N kò lè sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Mo jókòó sórí ìjókòó, mo sunkún, n kò fi pamọ́ fún Àsíátù. Ó lọ ṣí ike omi tuntun, ó gbé e wá bá mi, torí àkókò omi Sarauniya ti tó. Mo dìde, mo bu omi náà. Díẹ̀ dà sílẹ̀, ṣùgbọ́n àwo náà kún.